Griboyedov: Ikọ̀ Tó Ń Kó Ènìyàn Bọ̀ Wálé

Ní ọdún 1818, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Rọ́ṣíà gbé iṣẹ́ méjì síwájú ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé kan, wọ́n ní kó mú ọ̀kan: kó lọ sí Philadelphia ní Amẹ́ríkà, tàbí kó lọ sí Páṣíà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìránì lónìí. Alexander Griboyedov kò fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Petersburg ló wù ú láti gbé, níbi tí tíátà wà, tí àríyá wà, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọ ewì wà. Ṣùgbọ́n ó ti dáràn nílùú, wọ́n sì fẹ́ kí ojú kúrò lára rẹ̀. Ó mú Páṣíà.

Ọ̀ràn obìnrin ni. Avdotya Istomina, oníjó tí gbogbo Petersburg ń lọ wò nígbà náà, ní ọ̀rẹ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Sheremetev. Griboyedov mú obìnrin náà lọ sí ilé tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Zavadovsky jọ ń gbé, ọ̀rọ̀ sì di ìjà. Láyé ìgbà yẹn, bí ọmọ ọlọ́lá Rọ́ṣíà bá fi ìwọ̀sí lọ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn kì í lọ sí kóòtù. Wọ́n á wá pápá kan tó dá, ọ̀kan á dúró níhìn-ín, èkejì á dúró lọ́hùn-ún, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹlẹ́rìí rẹ̀, wọ́n á sì yìnbọn fún ara wọn. Zavadovsky yìnbọn lu Sheremetev nínú oṣù kọkànlá ọdún 1817, ó sì kú. Ẹlẹ́rìí olóògbé, Yakubovich, ní òun náà fẹ́ yìnbọn pẹ̀lú Griboyedov tó ṣe ẹlẹ́rìí Zavadovsky, àmọ́ ìjọba tètè lé Yakubovich lọ sí iṣẹ́ ogun ní àwọn òkè Kọ́kásọ́ọ̀sì.

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn ikọ̀ Rọ́ṣíà ń tọ̀ lọ sí Páṣíà gba Tiflis ní ilẹ̀ Jọ́jíà kọjá, Tiflis gan-an ni Yakubovich sì wà. Kí ọdún 1818 tó parí, wọ́n ti pàdé ní pápá. Ọta ìbọn gba àtẹ́lẹwọ́ òsì Griboyedov kọjá, ọmọńdinrín ọwọ́ náà sì gan pa títí ayé. Ìyà ńlá ni fún ẹni tó ń tẹ dùùrù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn orin ijó méjì tó kọ ṣì wà lórí dùùrù àwọn ará Rọ́ṣíà títí dòní. Ó ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka tó kù tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ ọlọ́lá Mọsikó ni. Kò tíì gbọ́njú tán tó ti wọ Yunifásítì Mọsikó, ó kọ́ ìmọ̀ lítíréṣọ̀, ó kọ́ òfin. Nígbà tí Napoleon gbógun wọ Rọ́ṣíà ní 1812, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, ṣùgbọ́n kò fojú kan ojú ogun. Ọdún 1817 ló wọ iṣẹ́ ìjọba, oṣù kan náà tí Pushkin akéwì wọ ibi iṣẹ́ yẹn. Ó gbọ́ èdè Faransé, Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ítálì. Nígbà tó dé Tabriz, ó tún fi èdè Páṣíà àti Lárúbáwá kún un. Irú ìmọ̀ èdè bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ikọ̀ ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ wọn gbẹ́kẹ̀ lé ògbufọ̀, ohun tí ògbufọ̀ bá sì fẹ́ ni wọ́n ń gbọ́.

Ní Tabriz, ìlú tí àrẹ̀mọ Páṣíà, Abbas Mirza, ti ń ṣàkóso, Griboyedov rí ohun kan tó yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àti àwọn tí wọ́n mú lójú ogun pọ̀ níbẹ̀, àrẹ̀mọ sì ti kó wọn jọ di ẹgbẹ́ ọmọ ogun tirẹ̀, tí ọmọ Rọ́ṣíà kan, Samson Makintsev, ń darí. Griboyedov bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ wọ́n, ó ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n padà sílé. Ní 1819, ó kó èyí tó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú wọn, ó kó wọn gba ojú ọ̀nà dé Tiflis, bí àwọn kan ti ń bú wọn, tí àwọn mìíràn ń sọ òkò lù wọ́n. Àṣeyọrí tó kọ́kọ́ ṣe lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó gbà á gbọ́ láti ìgbà náà pé ẹni tó bá fẹ́ padà sílé, ikọ̀ Rọ́ṣíà kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ní 1822 wọ́n gbé e lọ sí Tiflis, lọ́dọ̀ Ọ̀gágun Yermolov, tó ń ṣàkóso Kọ́kásọ́ọ̀sì fún Rọ́ṣíà. Ibẹ̀ ló ti ń kọ eré onítàn tó sọ ọ́ di olókìkí, èyí tó parí ní 1824 nígbà tó gba ìsinmi lọ sílé. Ohun tí àkọlé eré náà túmọ̀ sí kò ju “ìyà tí ọgbọ́n ń kó bá ẹni” lọ. Chatsky, olú ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀, ti ìrìn àjò dé sí Mọsikó, ó rí ìwà òmùgọ̀ àwọn ọlọ́lá, kò sì lè pa ẹnu mọ́. Kí alẹ́ tó lẹ́, wọ́n ti ní orí rẹ̀ dàrú. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò fún ọba kò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde tán. Ọwọ́ ni àwọn ènìyàn fi ń dà á kọ, láti ilé dé ilé, àìmọye ẹ̀dà, débi pé ọ̀pọ̀ gbólóhùn inú rẹ̀ ti di òwe lẹ́nu àwọn ará Rọ́ṣíà kí ẹnikẹ́ni tó rí i lódindi nínú ìwé. Òun fúnra rẹ̀ kò rí i lórí ìtàgé ńlá kankan kó tó kú.

Nígbà tí àwọn ọ̀gágun kan dìtẹ̀ mọ́ Ọba Nicholas Kìíní ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, wọ́n mú Griboyedov pẹ̀lú, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Yermolov ti ta á lólobó ṣáájú kí wọ́n tó wọlé mú un, àwọn ìwé rẹ̀ sì ti jóná. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n tún gbé ipò rẹ̀ ga sókè.

Ìṣẹ́gun rẹ̀ ni ó kó o sí wàhálà. Páṣíà àti Rọ́ṣíà bá ara wọn jà láti 1826 títí di 1828, Páṣíà sì fìdí rẹmi. Paskevich, ẹni tó fẹ́ ọmọ ìdílé Griboyedov, ló jẹ́ balógun. Griboyedov ló bá Abbas Mirza jókòó sọ̀rọ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní abúlé Turkmenchay ní oṣù kejì ọdún 1828. Yerevan àti Nakhichevan bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Páṣíà yóò san owó ìtánràn rúbù fàdákà mílíọ̀nù 20. Abala kẹtàlá sì sọ pé gbogbo ẹni tí wọ́n mú lẹ́rú nínú ogun, ti tuntun àti ti àtijọ́, gbọ́dọ̀ padà sílé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn dáadáa. Ẹni tó kó ọmọ ogun wá sí Tiflis ní 1819 ti rí i kọ sínú òfin báyìí.

Òun ló gbé ìwé àdéhùn náà dé Petersburg, wọ́n sì yin ìbọn àgbá kí i káàbọ̀. Ó rò pé òun á sinmi, kí òun wá máa kọ̀wé. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n fi í ṣe aṣojú àgbà fún ọba ní Páṣíà, níbi tí wọ́n ti kórìíra orúkọ Turkmenchay ju ibikíbi lọ.

Lójú ọ̀nà Páṣíà, kí ó tó kúrò ní Tiflis, ó fẹ́ ìyàwó. Nino, ọmọ akéwì ilẹ̀ Jọ́jíà, Alexander Chavchavadze, kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ibà ń dà Griboyedov láàmú lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Sioni, òrùka sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ síwájú pẹpẹ. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀.

Wọ́n dé Tabriz. Owó ìtánràn kò pé. Àní, wọ́n ti ń kó ohun ọ̀ṣọ́ wúrà inú ilé àrẹ̀mọ jáde láti fi kún un. Griboyedov kọ̀wé sí Petersburg pé kí wọ́n rọra, pé ẹni tí kò ní, a kì í fún un lọ́rùn. Nesselrode, mínísítà, kò gbà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Griboyedov mọ òwe bẹ́ẹ̀ lọ́nà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ní líle. Ohun tí àdéhùn bá wí ni yóò gbà. Ó fi Nino tó ti lóyún sílẹ̀ ní Tabriz, lọ́dọ̀ ìyàwó Macdonald, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọrí sí Tehran láti lọ kí Ṣáà Fath-Ali, ọba.

Iṣẹ́ ní Tehran ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ti ń palẹ̀ mọ́ ẹrù rẹ̀ ni Mirza Yakub bá kan ilẹ̀kùn lóru. Ará Àméníà ni Yakub, ọmọ agbègbè Yerevan tí wọ́n mú lẹ́rú. Ìwẹ̀fà ni, irú ẹni tí àwọn tó mọ ìtàn ààfin Ọ̀yọ́ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè: ọkùnrin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ rí àyè wọ ibi tí ọkùnrin mìíràn kò gbọdọ̀ yọjú sí. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ayaba Ṣáà ni Yakub ti ń ṣọ́ ìṣúra, kò sì sí àṣírí tí kò mọ̀. Ó ní òun fẹ́ padà sílé. Griboyedov ní kó lọ rò ó dáadáa, kó padà wá lójúmọmọ. Ó padà wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin Àméníà méjì jáde kúrò ní ilé Allahyar Khan, ìjòyè ńlá kan, tí àwọn náà wá sábẹ́ òrùlé ikọ̀.

Ìjòyè àgbà kan tí wọ́n gba obìnrin lọ́wọ́ rẹ̀. Ọba tí ẹni tó mọ àṣírí ilé rẹ̀ fẹ́ sá lọ. Yakub tó ti di Mùsùlùmí, tí àwọn kan wá ń sọ pé ó ti bú ẹ̀sìn. Ààfin rán ènìyàn wá sọ́dọ̀ Griboyedov pé Yakub jẹ ìṣúra lówó. Griboyedov kò yí ohùn padà: Abala kẹtàlá ni. Bí a bá wò ó láti ibi tí a jókòó sí lónìí, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ẹni tó ṣẹ́gun fi ìbọn kọ, ta ló máa dáàbò bò ó láàárín ìlú ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun?

Àáfáà àgbà Tehran, Mirza Masih, ní ẹ̀tọ́ ni kí àwọn Mùsùlùmí lọ gba àwọn obìnrin náà padà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1829, èrò tú jáde láti mọ́sálásí. Àwọn Kọ́sáàkì, ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó ń ṣọ́ ilé, yìnbọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kú nínú èrò, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Wọ́n wọlé, wọ́n pa Yakub, wọ́n kó àwọn obìnrin lọ, wọ́n lọ. Wọ́n tún padà wá, wọ́n pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n gun òkè ilé, wọ́n dá òrùlé lu. Gbogbo ará ilé aṣojú ni wọ́n pa, ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn, àfi Maltsov, akọ̀wé àgbà, tó rí ibi sá pamọ́ sí. Wọ́n wọ́ òkú Griboyedov káàkiri ìlú. Nígbà tí ó yá tí wọ́n wá a láàárín òkú, kò sí ojú tí wọ́n lè dá mọ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n yẹ̀ wò, èyí tí Yakubovich fi ìbọn bà jẹ́ ní Tiflis.

Kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà ni wọ́n fi gbé e padà. Nínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀, Pushkin sọ pé òun pàdé kẹ̀kẹ́ náà lórí òkè Kọ́kásọ́ọ̀sì ní 1829, pé òun béèrè ohun tí wọ́n gbé, wọ́n sì dá a lóhùn pé Griboyedov ni.

Rọ́ṣíà ń bá Tọ́kì jagun lọ́wọ́ nígbà náà, Nicholas kò fẹ́ ogun kejì. Ṣáà rán ọmọ-ọmọ rẹ̀, Khosrow Mirza, lọ sí Petersburg láti lọ tọrọ àforíjì. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọ aládé náà rẹwà, àwọn obìnrin Petersburg fẹ́ràn rẹ̀. Ó mú ẹ̀bùn dání, òkúta dáyámọ́ńdì ìlú Íńdíà tó wọn káráàtì 88.7, tí wọ́n gbẹ́ orúkọ ọba mẹ́ta tó ti ní in sí lára. Ẹnu àwọn ènìyàn ni pé owó ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ṣì wà ní Kremlin. Nicholas dárí apá kan nínú owó ìtánràn jì, ó sì sún ọjọ́ ìyókù síwájú. Owó tí Griboyedov ti bẹ̀ pé kí wọ́n rọra gbà, ikú rẹ̀ ni wọ́n fi rọ̀ ọ́.

Wọ́n kọ́kọ́ fi ikú náà pamọ́ fún Nino. Nígbà tó gbọ́, ọmọ wá sáyé kí oṣù rẹ̀ tó pé, kò sì pẹ́ láyé. Àwọn tó wá tọrọ rẹ̀ kò níye, ó kọ gbogbo wọn. Ó sin ọkọ rẹ̀ sí Mtatsminda, òkè tó dúró lórí Tiflis, ó sì ń gun òkè náà lọ síbẹ̀ fún ọdún 28, títí onígbáméjì fi wọ ìlú ní 1857, tó mú un lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.