“Ojú L’alákàn Fi Ń Ṣọ́ Orí”: Àwòrán Tí Wọ́n Fi Ń Tọ Ipa Ìjì, Láti Havana Dé Florida

Ìjì líle tí ó ń ti orí Òkun Àtìláńtíkì bọ̀ kì í sọ ibi tí òun yóò yà sí. Ẹni tí ó bá ní àfi kí ó dá òun lójú kí òun tó sá, omi yóò bá a nílé. Ẹni tí ó bá sì ń sá ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ṣú, kò ní pẹ́ tí sísá náà yóò fi sú u. Láàárín méjèèjì ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ń wá àwòrán tí ará ìlú lè wò kí wọ́n sì pinnu.

Àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, Benito Viñes, ọmọ ilẹ̀ Spéìn, wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ yìí. Ní 1870 ni ó di alábòójútó ibùdó ìwòye ojú ọjọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Belén, ní Havana. Oko ẹrú ṣì ń lọ ní Kúbà nígbà náà (1886 ni ó tó dópin), àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lukumí sì wà lára àwọn tí ìjì ń bá fínra níbẹ̀. Viñes kò ní sátẹ́láìtì, kò sì ní ọkọ̀ òfúrufú. Ìkùukùu òkè, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ àti bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó ni ó ń wò lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, 1875, ó kìlọ̀ nínú ìwé ìròyìn pé ìjì ń bọ̀. Ìjì náà sì dé.

Èyí tí ó wuni jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ohun èlò tí ó gbé jáde ní 1888, ciclonoscopio: àwo róbótó tí ènìyàn lè fi ọwọ́ yí. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi yóò wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, yóò yí àwo náà bá a mu, yóò sì rí apá ibi tí ojú ìjì wà. Kí kọ̀ǹpútà tó dáyé rárá ni èyí.

Viñes kú ní 1893, ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí Amẹ́ríkà gba Kúbà lọ́wọ́ Spéìn, ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ wọn ní àwọn ará Havana ń dẹ́rù ba ènìyàn lásán. Ní ìparí oṣù kẹjọ, 1900, wọ́n fòfin de wáyà tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ ìjì láti Kúbà. Ìgbà náà gan-an ni ìjì kan ń kọjá lọ. Washington ní yóò yà sí Florida. Havana ní yóò kọrí sí Texas. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, ó dé Galveston, ní Texas. Ibi tí ó ga jù ní ìlú náà kò tó ẹsẹ̀ bàtà 9. Omi òkun sì ru sókè ju ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ. Àwọn tí ó kú kò dín ní 6,000. Kì í ṣe àìmọ̀ nìkan ni ó pa wọ́n: èrò kejì wà, wọ́n dí i lẹ́nu ni.

Ọ̀rúndún kan kọjá kí àwòrán tí gbogbo ará Florida mọ̀ lónìí tó jáde. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ tí ó ń mójú tó ìjì líle, ní Miami, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwòrán kan jáde, tí ó tínrín ní ìdí, tí ó sì ń fẹ̀ bí ó ti ń lọ síwájú. Kóònù ni wọ́n ń pè é. Àṣìṣe àsọtẹ́lẹ̀ ọdún márùn-ún tí ó kọjá ni wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ rẹ̀: nínú ìgbà mẹ́ta, ojú ìjì yóò wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì bọ́ síta lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ìjì náà ṣe tóbi tó ni kóònù ń fi hàn, àti pé ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ lè sùn fọnfọn.

Ìlà dúdú kan tún wà láàárín rẹ̀. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹjọ, 2004, ìlà náà dojú kọ Tampa bí Charley ti ń bọ̀. Ìjì náà yà sọ́tùn-ún, ó sì wọ Punta Gorda, ní gúúsù Tampa. Inú kóònù ni Punta Gorda wà látìbẹ̀rẹ̀. Ìlà ni wọ́n tẹjú mọ́. Àwọn kan tí wọ́n sá kúrò ní Tampa lọ sí Orlando ni ìjì náà tún lọ bá níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ilé-iṣẹ́ náà béèrè bóyá kí àwọn yọ ìlà kúrò. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó fèsì ní kí ó wà. Wọ́n wá gbé méjèèjì kalẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹni tí ó bá wù yóò fi ọwọ́ yọ ìlà, yóò sì fi ọwọ́ dá a padà, bí ọ̀gá ọkọ̀ ti ń yí àwo Viñes.

Láti 2014 ni àwòrán mìíràn ti wà, tí ó ń fi ibi tí omi òkun lè gòkè dé hàn, àdúgbò sí àdúgbò. Àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ náà ní HURREVAC, tí ó ń bá wọn ṣírò wákàtí tí ó kù láti kó ènìyàn kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ian dé ní 2022. Fún ọjọ́ mélòó kan, Tampa ni ìlà tún ń nà ìka sí, etí kóònù sì ni Lee County wà. Ìkìlọ̀ omi òkun ti wà fún etíkun wọn kí ọjọ́ 27, oṣù kẹsàn-án tó mọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni àṣẹ pé kí ènìyàn kúrò tó jáde. Lọ́jọ́ kejì, Ian wọ Cayo Costa, ibi tí Charley gbà wọlé ní ọdún 18 sẹ́yìn. Ó lé ní 100 ènìyàn tí ó bá a lọ ní Florida, omi òkun ni ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìjì náà fúnra rẹ̀ pa.