Àwọn Àwórì, Onílẹ̀ Èkó

Bí ènìyàn bá dúró ní Ṣógúnlé lónìí, yóò gbọ́ Haúsá, yóò gbọ́ Ìgbò, yóò sì gbọ́ ohùn Ìjẹ̀bú àti ti Èkìtì. Ohùn kan tí etí rẹ̀ kò ní tètè bá pàdé ni ti àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀ tí ó dúró lé. Àwórì ni wọ́n.

Ìtàn wọn sọ pé Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó gbé àwo lé ojú omi, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Ní Ìṣẹrì, ní etí odò Ògùn, ni àwo náà ti rì. ‘Àwo ti rì’ ni wọ́n fi ń dá ẹni tí ó bá bèèrè lóhùn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ní orúkọ náà ti wá. Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àwo. Ohun tí mo rí ni pé ìtàn náà mọ ọ̀nà: odò Ògùn ni ó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Èkó, ibẹ̀ náà sì ni àwọn Àwórì dé. Láti Ìṣẹrì ni wọ́n ti tàn ká, títí dé Èbúté-Mẹ́tta àti Ìdó. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni àwọn ti òkè ń ṣe. Àwọn ti etí ọ̀sà ń pẹja. Wọ́n ń bọ Orò, wọ́n ń gbé Egúngún. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àwọn ará Ọ̀tà kò sì kéré lójú ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ọnà.

Oko ata Arómirẹ̀ ni ibi tí ààfin Ọba Èkó wà lónìí. Nígbà tí agbára Ìbìní dé Èkó, adé bọ́ sí ìdílé Àṣípa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ àwọn Ìdẹ̀jọ, àwọn ìjòyè onífìlà funfun. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, pe ẹjọ́ títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920. Ní 1921 ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ dá a láre: ìjòyè kàn ń bójú tó ilẹ̀ ni, gbogbo ẹbí àti ará ìlú ni wọ́n ni ín.

Ṣùgbọ́n ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1896 ti la Òṣòdì kọjá dé Ìbàdàn ní 1901. Pápá ọkọ̀ òfuurufú tẹ̀ lé e ní Ìkẹjà, èrò sì ń ya wọ ìlú. Oko di ilé. Ní 1978 òfin ìjọba àpapọ̀ fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà rẹ̀. Àwọn ẹbí ń tà, àwọn mìíràn ń ta èyí tí wọ́n ti tà tẹ́lẹ̀, àwọn jàǹdùkú tí kò bá wọn tan rárá sì wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ‘ọmọ onílẹ̀’, tí í ṣe oríkì, di orúkọ tí à ń fi dẹ́rù ba ẹni tí ó ń kọ́lé. Ní 2016 Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin láti fìyà jẹ àwọn tí ń fi ipá gba ilẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo mọ àgbàlagbà Àwórì kan tí kò jẹ́ kí a pe òun ní ọmọ onílẹ̀ mọ́ lójú àlejò. ‘Ará Ìṣẹrì ni mí,’ ni ó máa ń wí.