Bí a ṣe ń la gàtó sí ìpele tó dọ́gba: irinṣẹ́ àti ọ̀nà tó yẹ ká mọ̀

Gàtó ti di ara ìnáwó wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pọbẹ̀ àti Àjàṣẹ́. Ìgbéyàwó ni o, ìkómọjáde ni o, ọjọ́ ìbí ni o, wọ́n á gbé e jáde. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní kéèkì; àwa mú gàtó látinú èdè Faransé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, obìnrin àti ọkùnrin, ló ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Wọ́n mọ bí a ṣe ń pò ó, wọ́n mọ bí a ṣe ń yan án. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ là á sí méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n lè fi kírẹ́ẹ̀mù tàbí konfitú sí àárín rẹ̀.

A mọ ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda. Wọ́n gbé iṣẹ́ gàtó ìgbéyàwó fún un. Ojú lásán ló fi là á: apá kan nípọn, apá kejì fẹ́lẹ́. Nígbà tó tò ó léra tán, gàtó náà tẹ̀ díẹ̀. Ó ní kò burú, kírẹ́ẹ̀mù á bò ó. Orí zémìjàn ni wọ́n gbé e sí lọ sí abúlé. Kí wọ́n tó débẹ̀, ìpele òkè ti yọ̀ kúrò lórí ti ìsàlẹ̀. Oníbàárà ò san owó tó kù, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin, bọ́tà àti ṣúgà ti lọ.

Ìdí nìyẹn tí a fi kọ àlàyé yìí. Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ ò pọ̀: ìwọ̀n ló ń mú gàtó dọ́gba, kì í ṣe ojú. Ẹni tó ń mọ ilé kì í to bíríkì láì kọ́kọ́ na òwú. Ẹni tó bá wọn gàtó rẹ̀ kó tó gé e, irinṣẹ́ olówó kékeré tó o.

Kí ló ń mú kí orí gàtó wú bí òkìtì?

Ẹ̀gbẹ́ abọ́ onírin tí a fi ń yan gàtó (ìyẹn moule) máa ń tètè gbóná. Àpòpọ̀ tó fara kàn án á tètè le, kò ní lè wú mọ́. Àárín ni ooru ń dé kẹ́yìn, òun á ṣì máa wú nígbà tí etí ti dúró. Bí iná bá pọ̀ jù, òkìtì náà á ga sí i, ó tiẹ̀ lè là.

Ẹ dín iná kù díẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó pẹ́ sí i nínú ààrò. Àwọn kan máa ń rẹ aṣọ òwú tó nípọn sínú omi, wọ́n á fún un, wọ́n á wé e mọ́ ẹ̀yìn abọ́ náà kí etí má bàa yára le. Ìyẹn dára nínú ààrò tí iná rẹ̀ kì í kan abọ́. Bó bá jẹ́ ààrò eléèédú tí iná ti ń yọ, ẹ má dán an wò, aṣọ lè gbiná.

Àwọn irinṣẹ́

- Ọ̀bẹ eléyín gígùn, tí a mọ̀ sí couteau-scie. Òun ni olórí irinṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ gùn ju ìbú gàtó lọ: bí gàtó bá fẹ̀ tó sàǹtímítà 20, kí ojú ọ̀bẹ tó 25 sí 30. Ọ̀bẹ tí kò léyín máa ń tẹ gàtó rì kó tó gé e.
- Ọ̀pá ìwọ̀n (règle) àwọn ọmọ ilé-ìwé, àti igi ìtayín.
- Igi pẹlẹbẹ méjì tí nínípọn wọn dọ́gba gẹ́lẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò lè rẹ́ ẹ fún yín. Kó há a dáadáa, kẹ́ ẹ sì fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ.
- Okùn náílọ́ọ̀nù tuntun tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì lágbára, tí kò ní aró tàbí òórùn.
- Lyre: irin tó tẹ̀ bí ọrun, tó ní ẹsẹ̀ méjì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fà láàárín ẹsẹ̀ náà, èèyàn sì lè gbé e sókè tàbí kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí gíga tó bá fẹ́.
- Àwo tó ń yí. Bí kò bá sí, àwo pẹrẹsẹ lórí abọ́ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ náà á ṣiṣẹ́, bí kò bá ti mì.
- Páálí tó mọ́, tó sì le, láti fi gbé ìpele.

Kẹ́ ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án

Ẹ má ṣe la gàtó gbígbóná láéláé. Inú rẹ̀ ṣì rọ̀, á wó. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ wé e, kó sùn di ọjọ́ kejì. Bí fìrígò bá wà, wákàtí kan tàbí méjì nínú rẹ̀ á jẹ́ kó le díẹ̀ sí i. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀rá yẹn ṣe pàtàkì gan-an, nítorí gàtó tó bá gbẹ á máa rún.

Irú gàtó náà tún ní tirẹ̀. Génoise, tí wọ́n fi ìlú Gênes ní Ítálì pè, fúyẹ́, ó sì rọ̀. Ó fẹ́ ọwọ́ jẹ́jẹ́. Quatre-quarts, tí ìwọ̀n ẹyin, ìyẹ̀fun, ṣúgà àti bọ́tà rẹ̀ dọ́gba, wúwo jù ú lọ. Òun ló rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Bí a ṣe ń là á, ní ẹsẹẹsẹ

1. Ẹ kọ́kọ́ gé òkìtì orí rẹ̀ kúrò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín bá gàtó dọ́gba; ẹni tó bá ń wò ó látòkè kò ní mọ̀ bó bá tẹ̀.
2. Ẹ wọn gíga tó kù. Ká ní ó jẹ́ sàǹtímítà 6, ẹ sì fẹ́ ìpele mẹ́ta: 6 pín sí ọ̀nà 3 jẹ́ 2. Ẹ rántí pé gígé méjì ló ń fúnni ní ìpele mẹ́ta.
3. Ẹ wọn sàǹtímítà 4 láti ìsàlẹ̀ gàtó, kẹ́ ẹ gún igi ìtayín síbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yí i ká títí wọ́n á fi pé mẹ́jọ. Ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fojú díwọ̀n.
4. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ fa ìlà kan lóròó sí ẹ̀gbẹ́ gàtó láti òkè dé ìsàlẹ̀. A ó sọ ìwúlò rẹ̀ láìpẹ́.
5. Ẹ gbé ọ̀bẹ lé orí àwọn igi ìtayín. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kejì sí orí gàtó, kí ìka má kọjá etí. Ẹ gé etí rẹ̀ yíká, kó má jìn ju sàǹtímítà 1 tàbí 2 lọ. Gàtó ni kẹ́ ẹ máa yí, ẹ jẹ́ kí ọ̀bẹ dúró sí ojú kan.
6. Ẹ máa fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi, láìtì í. Ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i, kó jìn díẹ̀ sí i, títí ọ̀bẹ á fi dé àárín. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.
7. Ẹ ti páálí bọ abẹ́ ìpele òkè, kẹ́ ẹ gbé e kúrò. Ẹ yọ igi ìtayín, kẹ́ ẹ kà wọ́n: mẹ́jọ wọlé, mẹ́jọ gbọ́dọ̀ jáde. Eyín ọmọdé kò gbọ́dọ̀ bá ọ̀kan pàdé. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe ní sàǹtímítà 2.

Ọ̀nà igi méjì

Ọ̀nà yìí ló dá wa lójú jù fún ẹni tó ń ta gàtó. Ẹ gbé gàtó sáàárín igi méjì tó nípọn tó sàǹtímítà 2. Ẹ gbé ọ̀bẹ gígùn lé orí igi méjèèjì, kẹ́ ẹ máa fà á lọ bọ̀ láìjẹ́ kó gbéra. Ìpele ìsàlẹ̀ á jẹ́ 2 gẹ́lẹ́. Ẹ gbé ìyókù kúrò lórí rẹ̀, ẹ dá a padà sáàárín igi yẹn, kẹ́ ẹ tún gé e. Igi méjì yìí kan náà ni yóò gé gbogbo ìpele, lónìí àti lọ́la.

Okùn àti lyre

Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ la ojú fún okùn yíká gàtó. Ẹ fi okùn sínú rẹ̀, ẹ gbé ẹnu méjèèjì kọjá ara wọn níwájú, kẹ́ ẹ rọra fà wọ́n, ọ̀kan sọ́tùn-ún, èkejì sósì. Ó dára fún gàtó rírọ̀. Bí ẹ̀pà tàbí èso gbígbẹ bá wà nínú rẹ̀, okùn á fà á ya.

Ní ti lyre, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì má gbéra lórí tábìlì. Bí èèpo gàtó bá le, ẹ fi ọ̀bẹ ṣí ẹnu ọ̀nà fún wáyà rẹ̀.

Bó bá wọ́ ńkọ́?

Ibí ni ìlà òòró yẹn ti wúlò. Ẹ to àwọn ìpele padà bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí ìlà wọn bára mu. Ibi tó nípọn á bọ́ sórí ibi tó fẹ́lẹ́, orí gàtó á sì padà dọ́gba bí kírẹ́ẹ̀mù bá dọ́gba. Bí wọ́n bá yí kúrò ní ipò wọn, ìgbà yẹn gan-an ni gàtó ń tẹ̀.

Ìpele tó bá dá sí méjì, àárín ni kẹ́ ẹ fi sí, kírẹ́ẹ̀mù á so ó pọ̀. Ẹ má sì da òkìtì tẹ́ ẹ gé kúrò nù: ẹ rún un, ẹ yan án kó gbẹ, kẹ́ ẹ fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gàtó.

Ẹni tí kò fẹ́ gé rárá

Ọ̀nà kan tún wà: ká yan ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Dobos József ará Hungary ṣe gàtó tó gbé síbi àfihàn ńlá ní Budapest lọ́dún 1885, tí wọ́n ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pè dòní. Ẹ wọn àpòpọ̀ lórí òṣùwọ̀n, kẹ́ ẹ pín in sí ọgbọọgba, kẹ́ ẹ yan wọ́n nínú abọ́ tí ìbú wọn dọ́gba. Ó ń jẹ àkókò àti iná, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ò ní bà á jẹ́.

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kó má fi gàtó oníbàárà kọ́ ọwọ́. Kó yan quatre-quarts kékeré fún àwọn ọmọ ilé, kó wọn ọ́n, kó là á, kó sì fi ọ̀pá ìwọ̀n wo ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́nà mẹ́rin. Bí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti bára mu nígbà mélòó kan, ó lè gba iṣẹ́ ìgbéyàwó.