Peter Marris àti Ìṣẹ́ Àwọn Ará Ìgboro

Peter Marris (1927–2007), ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti wá ìdí ohun tí í máa bá tálákà nígbà tí àwọn aláṣẹ bá dáwọ́ lé títún ìlú ṣe. Àwọn opó London ni ìwé rẹ̀ ti 1958 dá lé. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, Èkó Akete ni ó ti rí ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù lọ.

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wó agbo ilé ní àárín Èkó ní 1955, tí ó sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun mọ́, ààyè sì wà. Marris wọlé tọ̀ wọ́n lọ, ó jókòó tì wọ́n, ó ń béèrè ohun tí ń wọlé àti èyí tí ń jáde. Ìwé rẹ̀ ti 1961, Family and Social Change in an African City, tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà: baálé tí kò san owó ilé rí nínú agbo ilé baba rẹ̀ wá ń san án, ó tún ń san owó ọkọ̀ lójoojúmọ́, ìyàwó tí ó ti ń pàtẹ lẹ́nu ọ̀nà pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀, ìpàdé ẹbí sì fọ́nká. Yorùbá ní ènìyàn ni aṣọ. Aṣọ yìí gan-an ni wọ́n bọ́ lára wọn, tí ẹni tí kò tòṣì ní Èkó fi di òtòṣì ní Sùúrùlérè.

Ní 1967, òun àti Martin Rein kọ ìwé lórí ètò ìgbógunti ìṣẹ́ ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú há mọ́. Nígbà tí ó sì di 1974, Loss and Change so ọ̀fọ̀ opó pọ̀ mọ́ ti ẹni tí a wó ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Marris yìí kan Mówè àti Ìbàfò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Èkó, gbọ̀ngbọ̀n. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni ọ̀nà ti là fún àwọn tí owó ilé, kì í ṣe katakata, lé kúrò ní Èkó. Wọ́n ra ìdajì pulọ́ọ̀tì, wọ́n san owó ọmọ onílẹ̀, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n wọ ilé tí a kò tíì rẹ́. Ìdájí a bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí agbèrò ti ń pe Bágà ní Èkó, nítorí iṣẹ́ àti oníbàárà wọn ṣì wà lọ́hùn-ún. Ìfọ̀, ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá: ojú irin ti gba ibẹ̀ kọjá láti nǹkan bí 1900, ọjà àti ẹbí sì ti fìdí múlẹ̀ kí àlejò tó pọ̀, ó sì rọrùn díẹ̀ fún obìnrin tí ó kó láti Agége wá láti rí ibi pàtẹ.