Àwọn Tó Ń Ka Èémí Aláìsàn

Báàjì kékeré kan wà nínú àpótí Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. Ìlú Ọba ni wọ́n ti gbà á ní 1966, lẹ́yìn tí wọ́n fi ọdún méjì kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Nàìjíríà, àwọn aláṣẹ ní báàjì olùrànlọ́wọ́ ni, kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì gidi. Wọ́n bá gba ìdí aṣọ títà lọ. Kí n tó ka ìtàn yìí, mo rò pé ìdánwò ni wọ́n fìdí rẹmi níbẹ̀.

Òfin 1919 ló dá ìwé orúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń wẹ aláìsàn, tó ń bọ́ wọn, tó ń da ìtọ̀ wọn nù, kò sí nínú ìwé náà. Ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́ ni ìjọba tó rí wọn. Òfin 1943 dá ìwé kejì sílẹ̀ fún àwọn olùrànlọ́wọ́, ọdún méjì sì ni ẹ̀kọ́ wọn. Ní 1961, wọ́n yí orúkọ wọn sí State Enrolled Nurse.

NHS bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje, 1948, òṣìṣẹ́ kò sì tó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa. Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, kọ́ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì pípé ní St Thomas' Hospital ní London, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ́nì ní UCH Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àti Caribbean tó lọ lẹ́yìn wọn, ọ̀nà ọlọ́dún méjì ni wọ́n tì wọ́n sí. Mo bi Màmá Àgbà bóyá ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Ta ni yóò ṣàlàyé? Fọ́ọ̀mù ni wọ́n gbé fún wa, a buwọ́ lù ú."

Nígbà tí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì di ti yunifásítì, wọ́n pa ọ̀nà ọlọ́dún méjì yìí tì. Àwọn tí wọ́n ń pè ní health care assistant ló wá dí àlàfo náà láti nǹkan bí 1990. Kò sí òfin tó sọ iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ́ṣẹ́. Ohun tó wu ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti gbálẹ̀-gbálẹ̀ o. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún lè yí padà láàárín wákàtí kan lóru, olùrànlọ́wọ́ ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀ láti wọn ìfúnpá, ìgbóná ara àti ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó sì ka èémí rẹ̀. Ní 2012, Royal College of Physicians gbé ìwé ìdíwọ̀n kan jáde tí wọ́n ń pè ní NEWS. Èémí 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan kò gba máàkì kankan. Bó bá di 25, máàkì 3 ni. Bí àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ bá di 7, kí wọ́n sáré pe dókítà.

Àbúrò ìyá mi ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Manchester. Àǹtí sọ fún mi pé èémí ni àwọn ọ̀lẹ kì í kà: wọ́n á kàn kọ 18. Ẹni tó kọ́ wọn mú kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tẹjú mọ́ aago fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Mo gbìyànjú rẹ̀ wò nígbà tí Màmá Àgbà ń sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣì í kà kí n tó rí 17.

Ní oṣù Kejì, 2013, Robert Francis gbé ìròyìn jáde nípa ilé ìwòsàn Stafford, níbi tí àwọn aláìsàn ti wà láìrí omi mu, tí àwọn mìíràn ń sùn nínú ìgbẹ́ ara wọn. Ó ní kí wọ́n máa forúkọ àwọn olùrànlọ́wọ́ sílẹ̀. Ìjọba kò gbà. Camilla Cavendish ni wọ́n ní kí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó rí i pé wọ́n ju 1,300,000 lọ, nílé ìwòsàn àti nílé ìtọ́jú arúgbó, tí ẹ̀kọ́ wọn kò sì dọ́gba. Care Certificate, tó ní ìlànà 15 nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, 2015. Ó dára, ṣùgbọ́n èmi rò pé ohun tí wọ́n ṣe ní 1943 ni wọ́n sá fún ní 2013.

Láti 2019, ìwé orúkọ ti wà fún àwọn mìíràn láàárín nọ́ọ̀sì àti olùrànlọ́wọ́, nursing associate. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àǹtí ti gba fọ́ọ̀mù. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórí fóònù, Màmá Àgbà dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Tóò. Bó o bá gbé e wálé, ṣé wọ́n á gbà á?"