Ìkòkò Tí Ó Là, Ìlú Tí Ó Ṣí

Ní ìsinmi tí ó kọjá, ìyá mi àgbà ní Ṣágámù fi ọ̀já-ìkookò tí olóògbé ọkọ rẹ̀ gbìn hàn mí: gbòǹgbò ti la ìkòkò. Ó ní, "Ọkọ mi, má pa á o." Mo yọ ọ́, mo gé gbòǹgbò tí ó ti jẹrà àti èyí tí ó gùn jù, mo po iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ mọ́ tuntun, mo sì tún un gbìn sínú ìkòkò tí ó tóbi jù ú lọ díẹ̀.

Níbẹ̀ ni ìtàn Ṣágámù ti wá sí mi lọ́kàn. Ní 1872, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí àwọn ìlú Rẹ́mọ rójú, púpọ̀ nínú wọn ṣí kúrò ní ibùdó wọn, wọ́n sì para pọ̀ tẹ ìlú kan ṣoṣo dó. Wọ́n fi ilé, oko àti ojú oórì bàbá wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ dání: Òfin ń jẹ́ Òfin, Màkún ń jẹ́ Màkún títí di òní.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ń múra àtilọ sí òkè òkun, ẹ má ṣe gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí yín dànù tán. Ọ̀já-ìkookò ìyá mi àgbà ti yọ ewé tuntun méjì.