Orin wo, nígbà wo? Bí rédíò olórin ṣe ń dá olùgbọ́ rẹ̀ dúró

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, olùgbọ́ kò ní agbára àtiyàn. Àpótí tí ìjọba amúnisìn fi wáyà so mọ́ ilé onílé ní Èkó lọ́dún 1935, tó sì dé Ìbàdàn lọ́dún 1939, ohùn ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbé wá. Ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Òfin 38 ti ọdún 1992 ló fàyè gba aládàáni láti dá ilé-iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, Ray Power sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1994. Láti ìgbà náà ni agbára ti ń bọ́ sọ́wọ́ olùgbọ́.

Ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, agbára yìí kò kéré. Òṣogbo wà ní gúúsù wọn, Ìlọrin wà ní àríwá, ilé-iṣẹ́ rédíò ìlú méjèèjì sì ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí orin bá sú, kó yí bọ́tìnnì ló kù.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sọ ètò orin di iṣẹ́ tí à ń fi ìṣirò ṣe. Todd Storz, tí ìdílé rẹ̀ ra ilé-iṣẹ́ rédíò KOWH ní ìlú Omaha lọ́dún 1949, ni wọ́n máa ń dárúkọ jù. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó kíyè sí i nílé ọtí kan pé orin kan náà ni àwọn oníbàárà ń sanwó fún nínú ẹ̀rọ ìkọrin látàárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, orin yẹn náà ni ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí tún fi owó ara rẹ̀ gbọ́. Bí àṣà kí rédíò máa lu ìwọ̀nba orin ní àlùtúnlù ṣe gbòde nìyẹn.

Àṣà yìí bá awakọ̀ tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó mu, nítorí kò ní pẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Télọ̀ tó tan rédíò sílẹ̀ ní Ìkìrun láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá gbọ́ orin kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, yóò pa á. Nítorí náà ni ẹni tó ń ṣètò fi gbọ́dọ̀ ní ìwé àkọsílẹ̀: orin tó lu aago mẹ́wàá lónìí, kó bọ́ sí ọ̀sán lọ́la, orin àtijọ́, kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìdájí ni ti àgbẹ̀ àti aláte tó ń múra ọjà. Nínú oṣù Ramadan, ìdájí yìí kan náà di àkókò sààrì, kò sì sí ohun tó bá a mu ju fújì lọ, nítorí inú orin wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn ènìyàn sí sààrì ni Sikiru Ayinde Barrister ti gbé fújì jáde.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù ni orin àtijọ́. Ní àwọn ọdún 1970 sí 1980, ojú kan àwo jùjú tàbí fújì lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 láìdánudúró, tí orin kan yóò máa wọnú òmíràn, tí oríkì yóò sì gba àárín wọn kọjá. Atọ́kùn tó bá kàn gé e nígbà tí àkókò pé, oríkì ọlọ́lá ló gé sí méjì yẹn. Ní Òkukù, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Ìlú tí Karin Barber gbé ní àwọn ọdún 1970 láti kọ́ nípa oríkì, tó sì kọ ìwé lé lórí lọ́dún 1991, kì í ṣe ìlú tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń fo etí rẹ̀ dá. Kí wọ́n gbọ́ àwo náà tán ṣáájú, kí wọ́n kọ ìṣẹ́jú tí orin ti yí padà sílẹ̀, kí wọ́n sì gé e níbẹ̀.

Yusuf Olatunji kú lọ́dún 1978, Haruna Ishola lọ́dún 1983. Rédíò tó ń lé ọ̀dọ́ kì í sáàbà ní àyè fún sákárà àti àpàlà wọn. Wákàtí irú orin bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilé-iṣẹ́ tí owó ń hàn léèmọ̀ máa ń kọ́kọ́ tà fún alágbo tàbí oníwàásù. Owó náà yóò wọlé lóṣù yẹn. Àmọ́ àwọn àgbà tó ń dúró de àpàlà ló tún ń gbọ́ ìkéde òkú àti ìnáwó tí ará ìlú ń sanwó fún. Bí wọ́n bá ti yí sí Ìlọrin, ẹni tó fẹ́ ṣe ìkéde yóò gbé owó rẹ̀ tẹ̀lé wọn.